Kùrukùru Oṣù Kẹta ti Tillie Feickert

Ọ̀nà méjì ni àwa ará Brandau fi ń mọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí nígbà tí ooru bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Èkíní ni rédíò, tó máa ń ka ohun tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ kọ ránṣẹ́ láti ìlú ńlá. Èkejì ni Tillie Feickert. Àwọn ti rédíò ní ẹ̀rọ, wọ́n ní sátẹ́láìtì, wọ́n ní máàpù aláràbarà. Tillie ní kàlẹ́ńdà kan tí ilé ìfowópamọ́ ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní pẹ́ńsù kan tó fi okùn so mọ́ ọn, ó sì ní fèrèsé ilé ìdáná. Tí o bá bi àwọn àgbẹ̀ tó ń mu kọfí ní ilé kọfí LaVonne pé èwo ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé nínú méjèèjì, wọ́n á ní rédíò ni. Irọ́ ni wọ́n ń pa.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Ọjọ́ tí kùrukùru bá bolẹ̀ nínú oṣù kẹta, tí yìnyín kò tíì yọ́ tán, a ó ka àádọ́rùn-ún ọjọ́ láti ọjọ́ náà. Ọjọ́ tó bá pé àádọ́rùn-ún ni òjò yóò rọ̀. Àwọn bàbá ńlá wa gbé e wá láti Rọ́ṣíà pẹ̀lú irúgbìn àlìkámà wọn, àbí ibí ni wọ́n ti kọ́ ọ, kò sẹ́ni tó ráyè wádìí. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ló ní sùúrù rẹ̀. Kùrukùru tó bo àfonífojì odò nìkan kò sí nínú rẹ̀. Èyí tó ń rìn lórí pápá bí èéfín lásán kò sí nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Kùrukùru tòótọ́ ni èyí tó nípọn débi pé o kò lè rí iná orí àká ọkà Brandau láti ilé rẹ. Òfin tí ìyá ọkọ Tillie fi lé e lọ́wọ́ nìyẹn ní ọdún tí wọ́n gbé e wọlé. Àká náà ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ó wà létí ojú irin, iná pupa kan sì máa ń tàn lórí rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Tillie nígbà tí Emil Feickert fẹ́ ẹ. Màlúù mẹ́sàn-án ni Emil ní nígbà náà, pupa ni gbogbo wọn, orí wọn sì le bí orí òun fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fi sọ mẹ́sàn-án yẹn di méjìlélàádọ́rin. Ó ń yan akọ, ó ń yan abo, ó ń mọ ìyá ìyá màlúù kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka ìran tirẹ̀. Nígbà tí ó kú, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, Tillie kò sunkún púpọ̀ níwájú ènìyàn. Ó wọ bàtà rọ́bà, ó lọ fún wọn lóúnjẹ. Nínú ọmọ mẹ́ta tí wọ́n bí, Delmar nìkan ló dúró sílé. Àwọn méjì yòókù wà ní ìlú ńlá, wọ́n ń pe ìyá wọn ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n á ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn, á ní òun gbọ́.

Ọdún tí à ń sọ yìí ni ọdún kejì ọ̀dá. Yìnyín kò fi bẹ́ẹ̀ sí nígbà òtútù. Nígbà tí oṣù karùn-ún fi máa parí, koríko pápá kò ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, ó sì ti ń gbẹ láti orí. Adágún tí àwọn màlúù ti ń mu omi ti di ẹrẹ̀ tó sán. Rédíò kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní ooru yóò mú, òjò yóò wọ́n, láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹjọ, àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n sì fi kun gbogbo agbègbè wa lórí máàpù.

Delmar ti pinnu. Tí òjò gidi kò bá rọ̀ kí oṣù kẹfà tó dé ìdajì, òun yóò kó gbogbo màlúù lọ sí ọjà, òun yóò sì lọ wáṣẹ́ níbi kànga epo tó wà lápá ìwọ̀ oòrùn. Orí oúnjẹ ló ti sọ ọ́. Ó sọ ọ́ tán, ó ní kí ìyá òun bá òun na iyọ̀. Tillie na iyọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ já. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì tó bá ti lọ síbi kànga epo kì í padà wá da màlúù, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí àwọn màlúù bá lọ, Delmar lọ nìyẹn, ilé Feickert yóò sì ku obìnrin kan àti ológbò rẹ̀.

Àṣà wa ni pé ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà, Tillie yóò gbé kàlẹ́ńdà rẹ̀ wá sí ilé kọfí LaVonne. Yóò kà á sókè, LaVonne yóò sì kọ àwọn ọjọ́ òjò sórí pátákó tó ń kọ oúnjẹ òòjọ́ sí. Ohun tó bá wà lórí pátákó yẹn ni àwọn ènìyàn fi ń mọ ọjọ́ tí wọ́n á gé koríko àti ọjọ́ tí wọn ò gbọdọ̀ fi ìgbéyàwó sí. Lọ́dún yìí, àga kò tó. Àwọn kan dúró ti ògiri pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó ta ayò.

Tillie fi awò sójú. "Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà, láti ọjọ́ kọkànlélógún títí dé ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, láì fo ọjọ́ kan."

LaVonne gbé ṣọ́ọ̀kì kúrò lára pátákó. "Màmá Tillie, ọjọ́ mọ́kànlá léra wọn?"

"Mọ́kànlá. Láti ọjọ́ tí mo ti délé ọkọ, mi ò rí irú ẹ̀ rí."

Ariwo ta. Ẹnì kan fi ọwọ́ gbá tábìlì. Delmar gbé orí sókè láti inú ife rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì rí ohun kan lójú rẹ̀ tí kò rí níbẹ̀ láti ìgbà òtútù. Inú Tillie dùn débi pé ó gbàgbé láti jókòó.

Àfi bí Reinhold Feickert ṣe wúkọ́. Ìbátan Emil ni Reinhold, ó ṣiṣẹ́ ní àká ọkà yẹn fún ọgbọ̀n ọdún, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ.

"Ìyàwó wa, dúró ná. Kí lo fi mọ̀ pé kùrukùru ni?"

"Ohun tí ìyá ọkọ mi fi ń mọ̀ ọ́n ni. Mo jí láago márùn-ún, mo wo ìta, mi ò rí iná àká. Ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni, ọkọ mi?"

Reinhold rọra gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rín ti ń mì ín níkùn kó tó la ẹnu. "Tillie, a ti gé iná yẹn nínú oṣù kẹta. Àwọn tó fẹ́ wó àká náà ló ní ká gé e kí wọ́n tó dé. Bó bá jẹ́ iná yẹn lo fi ń wo kùrukùru, kùrukùru á wà ní Brandau títí Jésù á fi dé."

Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ni wọ́n wó àká náà lulẹ̀. Gbogbo ìlú ló lọ wò ó, Tillie pàápàá ṣe kuchen méjì, àkàrà dídùn ilé wa, lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n iná tí wọ́n ti gé ṣáájú ìgbà yẹn, ta ló fẹ́ rántí? Àkókò tí Tillie ń jí, ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ó wo òkùnkùn, kò rí iná, ó gbá pẹ́ńsù mú. Nígbà tí oòrùn bá wá yọ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, á ní kùrukùru ti ká nílẹ̀, bó ṣe máa ń ká nílẹ̀.

"Ọjọ́ wo lẹ gé e?" Tillie béèrè.

"Mo ha lè rántí? Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni o, àárín oṣù ni o. Ìyàwó wa, òkùnkùn lo kọ sílẹ̀. Lọ ka àádọ́rùn-ún ọjọ́, kó o wò ó bóyá ilẹ̀ ò ní ṣú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn kan. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ènìyàn tí ọ̀dá ti lọ́ nífun fún ọdún méjì máa ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. LaVonne fi etí épírọ́ọ̀nù nu pátákó, kò sì wojú ẹnikẹ́ni. Ojú ti Tillie, ó ká kàlẹ́ńdà rẹ̀. Delmar kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ti wà níta, ó fẹ̀yìn ti ọkọ̀, fóònù wà létí rẹ̀.

"Tírélà ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá," ló sọ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá a. Ó ṣílẹ̀kùn fún un. Wọ́n wakọ̀ lọ sílé.

Ní ọjọ́ Àìkú, Tillie kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní orúnkún ń dun òun. Ó jókòó sílé, ó ń bú ara rẹ̀. Ó pe ara rẹ̀ ní arúgbó òpè, ó pe ara rẹ̀ ní afọ́jú, ó sì mọ ìdí tó fi ṣẹlẹ̀. Ó ń wá kùrukùru lójú méjèèjì nítorí Delmar. Ẹni tí kò bá ń wá nǹkan bẹ́ẹ̀ yóò ti fura ní ọjọ́ kẹta.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ibi tó ti ń fọ àwo ni ọpọlọ rẹ̀ ti ta jí. Ó nu ọwọ́, ó lọ dúró síwájú kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ kẹrìndínlógún títí dé ogúnjọ́ oṣù kẹta, kò sí àmì kankan níbẹ̀. Kí ló dé tí kò fi sí àmì? Nítorí pé ó rí iná ní àárọ̀ márààrún yẹn ni. Bí iná bá ṣì ń tàn ní ogúnjọ́, kò tíì sẹ́ni tó gé e nígbà náà. Mọ́kànlá tó gbẹ̀yìn, òkùnkùn lásán ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrìnlá àti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, kùrukùru ni, kùrukùru gidi. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ wọn bọ́ sí Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó fẹ́ sáré bá Delmar nínú ọgbà, ó sì dá ara rẹ̀ dúró. Ta ló máa gbọ́? Ẹni tí gbogbo ilé kọfí ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílò ìwé lọ́wọ́. Ibi tí ìwé wà ló ń rò títí ilẹ̀ fi ṣú, kó tó rántí àwọn bọ́ọ̀sì iléèwé.

Arlys ni akọ̀wé iléèwé Brandau. Tillie ló kọ́ ọ ní kíláàsì ọjọ́ Ìsinmi nígbà tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Tillie bá a níbi tó ti ń di àwọn ìwé ọdún sínú páálí.

"Màmá, iléèwé ti gba ìsinmi o. Kí lẹ fẹ́ fi ìwé bọ́ọ̀sì ṣe?"

"Sá bá mi ṣí i. Oṣù kẹta. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì ò lè tètè jáde."

Arlys fi ìka tọ ojú ìwé lọ. "Ọjọ́ kẹrìnlá, bọ́ọ̀sì pẹ́ fún wákàtí méjì, kùrukùru. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, wákàtí méjì, kùrukùru. Ẹ wò ó, awakọ̀ kọ ọ́ síbí pé òun ò rí imú bọ́ọ̀sì tòun."

"Ọjọ́ kọkànlélógún ńkọ́? Títí dé ìparí oṣù?"

"Kò sí nǹkan kan. Gbogbo wọn dé lásìkò."

Tillie bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó rí ara rẹ̀ tó sì dárí ji ara rẹ̀. Ó ní kí Arlys da ojú ìwé yẹn kọ fún òun, kó fi òǹtẹ̀ iléèwé lù ú. Arlys ní wọn kì í fi òǹtẹ̀ lu irú ìyẹn. Tillie wojú rẹ̀ bó ṣe máa ń wojú rẹ̀ ní kíláàsì, Arlys sì fi òǹtẹ̀ lù ú.

Delmar ń tún géètì tí wọ́n máa gbà da màlúù sínú tírélà ṣe nígbà tí ìyá rẹ̀ na ìwé náà sí i. Ó kà á, ó tún un kà.

"Màmá, méjì nìyí nínú mẹ́tàlá."

"Mẹ́tàlá ló dùn, méjì ló jẹ́ òótọ́. Sún tírélà yẹn sí Ọjọ́bọ̀."

"Rédíò ní òjò ò ní rọ̀. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí."

"Mo gbọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ ẹ, Delmar. Mi ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ látìgbà tí bàbá ẹ ti kú. Bí òjò ò bá rọ̀, èmi fúnra mi ni mo máa da wọ́n wọ tírélà, mi ò sì ní ṣojo."

Delmar fi ìwé náà sínú àpò àyà. "Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀. Mi ò lè sún un kọjá ibẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé kọfí kí kọfí tó tutù. Reinhold ní ó dáa tí Delmar sún un síwájú, tírélà á rí eruku tó pọ̀ dáadáa gbé lọ. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sórí pátákó.

Ọjọ́rú dé pẹ̀lú ooru tó ń sun ni lára láti àárọ̀. Ní ọ̀sán, àwọsánmà gíga kan dìde lápá ìwọ̀ oòrùn, ó dúdú nísàlẹ̀, ó ń sán ààrá. Tillie gbé àga síta, ó jókòó tì í. Àwọsánmà náà bọ̀, ó bọ̀, ó wá yà gba ọ̀nà àríwá lọ, ó lọ rọ òjò sórí àwọn ará Kánádà. Ẹ̀kán omi bíi mẹ́fà ló bọ́ sórí àtẹ̀gùn. Tillie kà wọ́n. Ìbínú tó bínú sí àwọsánmà yẹn, kò bínú bẹ́ẹ̀ sí ènìyàn rí.

Ní ìrọ̀lẹ́, Delmar da gbogbo màlúù sínú ọgbà nítorí tírélà. Òun àti ìyá rẹ̀ jẹ knoephla, ọbẹ̀ tó kún fún òkèlè ìyẹ̀fun kéékèèké.

"Màmá, ẹ má bínú," Delmar sọ níkẹyìn.

"Ọjọ́ kan ṣì kù," ni Tillie fèsì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó ń bẹ̀rù, ká má purọ́. Ó ń rò ó bí yóò ti máa se ọbẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo.

Kí agogo márùn-ún àárọ̀ tó lù ló ti dìde. Ó ṣílẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ sì fẹ́ lù ú lójú láti ìlà oòrùn. Láti ìlà oòrùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni afẹ́fẹ́ ti ń ti ìwọ̀ oòrùn fẹ́, ó gbóná, ó gbẹ. Èyí tutù, ó sì ní òórùn ilẹ̀ tó ti rin níbì kan. Àwọsánmà ti bo gbogbo ojú ọ̀run, kò ga, kò sán ààrá, kò sì jọ pé ó ń kánjú lọ síbì kankan. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Ó kọ́kọ́ ń ṣe pẹ̀lẹ́ lórí páànù, lẹ́yìn náà ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Kò dáwọ́ dúró fún ìmí kan.

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa mọ̀ pé bó bá gbẹ, ó le bíi símẹ́ńtì, bó bá sì mu omi tán, kò sí táyà tó lè bá a ṣàríyànjiyàn. Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, ọkùnrin kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà ilé Feickert pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ẹrẹ̀ ti dé orúnkún rẹ̀, bàtà kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Awakọ̀ tírélà ni. Tírélà rẹ̀ ti rì síbi tí ọ̀nà ti yà, kò lè kúrò níbẹ̀.

"Ẹ kú òjò o," Tillie kí i láti ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ sì lọ gooro.

"Màmá, mi ò mọ̀ pé ẹ lójò níbí. Rédíò ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Rédíò ò béèrè lọ́wọ́ mi ni."

Ó fún un ní kọfí àti ìbọ̀sẹ̀ Emil kan tó gbẹ. Delmar gbé katakata jáde, ó fi ẹ̀wọ̀n so tírélà, ó fà á yọ, ó sì kọ imú rẹ̀ sí ọ̀nà tó gbà wá. Awakọ̀ yọ orí lójú fèrèsé, ó béèrè ìgbà tí òun yóò padà wá. Delmar nu òjò kúrò lójú. Ó ní kó máa lọ ní tirẹ̀, pé òun ò ní nǹkan tí òun ń kó.

Òjò náà rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ yẹn, ó sì rọ̀ di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sán ọjọ́ kìíní tó pọ́n ni Reinhold ti pè lórí fóònù. Kò kí, kò sì ṣàwàdà. "Ìyàwó wa, LaVonne ti ń kọ ọ́ sórí pátákó. Ó ní kí n béèrè èyí tó kàn."

"Ọjọ́ méjì péré ni mo ní, ọkọ mi. Ẹ ní kí n má ka òkùnkùn mọ́."

Gbogbo ilé kọfí ló rẹ́rìn-ín, ó gbọ́ wọn lórí fóònù, ẹ̀rín náà sì dùn mọ́ ọn dé egungun. Lẹ́yìn náà ló wọ aṣọ òjò, ó lọ bá Delmar nídìí ọgbà. Àwọn màlúù dúró pápapọ̀, ẹ̀yìn wọn ń dán, omi ń kán létí wọn. Delmar ti gbá ẹ̀wọ̀n géètì mú, kò sì tú u.

"Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣí i," ló wí.

Tillie tú ẹ̀wọ̀n náà, ó ti géètì náà gbayawu, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́nà pápá, wọn kò kánjú, wọ́n ń fi imú gbọ́ òórùn ilẹ̀. Ó ń sunkún, kò sì fi pamọ́, òjò náà kò tilẹ̀ jẹ́ kó nílò àǹkáṣíìfù. Akọ màlúù ló jáde kẹ́yìn, ó ń yẹsẹ̀ díẹ̀ lọ́tùn-ún. Delmar fi ojú sìn ín títí ó fi gun orí òkè kékeré náà.

"Akọ yẹn ti darúgbó, Màmá. Tó bá di oṣù kẹwàá, mo máa wá òmíràn lọ sí ọjà."

Tillie gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni tó fẹ́ lọ síbi kànga epo kì í ra akọ màlúù. Ó di apá ọmọ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì sì dúró síbẹ̀ títí òjò fi wọ inú bàtà wọn.